Ẹ̀rín Kíláàsì Dùn Mọ́ Ọn Ju Àbúrò Rẹ̀ Lọ

Obìnrin tí mo fẹ́ sọ ìtàn rẹ̀ yìí ló fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn wá bá mi. Ó jókòó, ó gbé báàgì lé itan, ó ní, "Ẹ kọ ọ́ bó ṣe rí gan-an. Ẹ má bá mi bo nǹkan kan." Mo ní ṣé ó dá a lójú? Ó ní ó dá òun lójú. Ó dáa bẹ́ẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ń ka abala mi yìí nínú ìwé ìròyìn ti mọ̀ mí, mi ò mọ bí wọ́n ṣe ń bu ṣúgà sí ọ̀rọ̀ kíkorò. Ẹni tó bá ń wá bí yóò ṣe bá a sunkún, kó yáa ṣí ojú ìwé mìíràn.

Nọ́ọ̀sì ni obìnrin yìí, kì í sì í ṣe nọ́ọ̀sì kékeré. Nígbà tí oògùn pàjáwìrì tí kì í jẹ́ kí oyún dúró dé sí àgbègbè wọn, òun ni wọ́n ní kó máa kọ́ àwọn nọ́ọ̀sì yòókù. Oògùn náà ṣẹ̀ṣẹ̀ dé nígbà náà, kò tíì sí ní ṣọ́ọ̀bù kankan. Ilé ìwòsàn nìkan lẹ ti lè rí i, nọ́ọ̀sì tó bá sì ti gba ẹ̀kọ́ rẹ̀ tán nìkan ni wọ́n ń kó o fún. Obìnrin tí rọ́bà tí ọkùnrin ń wọ̀ bẹ́ mọ́ lára, tàbí tí ẹnì kan fi tipátipá mú, yóò sáré wá, wọn yóò fún un lóògùn. Bó bá tètè dé, ó bọ́. Bó bá pẹ́ tí oyún ti dúró, oògùn náà ò ní nǹkan kan tó lè ṣe sí i mọ́.

Oògùn náà rọrùn láti fúnni. Ẹnu nọ́ọ̀sì ló ṣòro láti kó níjàánu. "Ẹ má bi í pé ta ló ṣe é," olùkọ́ yìí á sọ fún wọn. "Ẹ má bi í bóyá ìyá rẹ̀ mọ̀. Ẹ bi í pé ìgbà wo ló ṣẹlẹ̀, ẹ fún un lómi, ẹ fún un lóògùn, ẹ bá a sọ̀rọ̀ bí ọmọ èèyàn." Ó mọ̀ ọ́n sọ, ẹ má jẹ́ n purọ́ mọ́ ọn.

Eré ló fi ń kọ́ wọn. Ẹnì kan nínú kíláàsì á ṣe ẹni tó wá gboògùn. Olùkọ́ á kọ́kọ́ ṣe Nọ́ọ̀sì Burúkú, kí wọ́n lè fojú rí ohun tí kò dáa. Lẹ́yìn náà, wọ́n á tún eré kan náà ṣe látìbẹ̀rẹ̀, á wá ṣe Nọ́ọ̀sì Dáadáa, kí wọ́n lè mú ìyẹn lọ sílé.

Háà, obìnrin yìí mọ Nọ́ọ̀sì Burúkú ṣe! Á fa gíláàsì ojú wá sí orí imú, á yọ ẹnu síwájú, á wo èèyàn látòkè délẹ̀. "Ó bẹ́? Kí ló bẹ́? Ṣé táyà ni?" Kíláàsì á bú sẹ́rìn-ín, àwọn mìíràn á fi orí lu tábìlì. Wọ́n sọ ọ́ ní Ẹlẹ́fẹ̀. Àwọn èèyàn ń fi wọ́ọ̀dù sílẹ̀ wá dúró lójú fèrèsé nítorí rẹ̀. Bí ẹ̀rín ṣe ń pọ̀ ni Nọ́ọ̀sì Burúkú ń gùn sí i. Nọ́ọ̀sì Dáadáa wá di nǹkan tí wọ́n ń sáré ṣe nígbà tí ebi bá ti ń pa kíláàsì. Nígbà tó yá, wọn ò tiẹ̀ ṣe é mọ́. "Ẹ̀yin náà ti mọ èyí tó kù," Ẹlẹ́fẹ̀ á wí, á palẹ̀ ẹrù rẹ̀ mọ́.

Ó ní àbúrò kan, ọmọ ìyá rẹ̀. Ìyá wọn kú nígbà tí ọmọ náà ò tíì já lẹ́nu ọmú. Ẹlẹ́fẹ̀ ló pọ̀n ọ́n, òun ló wẹ̀ ẹ́, òun ló rán an níléèwé títí tó fi di nọ́ọ̀sì. Inú ilé kan náà ni wọ́n ń gbé. Ọmọbìnrin náà kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, gbogbo èèyàn sì ń pè é ní Jẹ́jẹ́. Láti kékeré, bí ẹ̀rù bá ń bà á, á fa apá súwẹ́tà rẹ̀ bo ọwọ́ títí ìka kankan ò fi ní hàn síta. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ mọ ohun tí ìyẹn jẹ́.

Ilé ẹ̀kọ́ àwọn nọ́ọ̀sì iṣẹ́ abẹ ti gba Jẹ́jẹ́. Ohun tí ọkàn rẹ̀ ń fà sí látìgbà tó ti wọ aṣọ funfun nìyẹn, kó dúró ti dókítà nínú yàrá iṣẹ́ abẹ. Ilé ẹ̀kọ́ náà kì í gba aboyún. Ẹni tó bá lóyún kó tó wọlé, wọ́n á fi àyè rẹ̀ fún ẹlòmíràn, kò sí pé ẹ jọ̀ọ́ ẹ dákun. Kó tó lọ, ó ní láti gba ẹ̀kọ́ oògùn pàjáwìrì yìí bíi gbogbo nọ́ọ̀sì. Bó ṣe bọ́ sí kíláàsì ẹ̀gbọ́n rẹ̀ nìyẹn.

Lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ wá, Ẹlẹ́fẹ̀ fà á sẹ́yìn ilẹ̀kùn.

"Gbọ́ o. Níbí, èmi kọ́ ni Àǹtí rẹ. Màdáámù ni mo jẹ́. Mi ò fẹ́ kẹ́nikẹ́ni sọ pé mo ń ṣe ojúsàájú."

"Ó dáa, Àǹtí mi."

"Kí ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ?"

"Ó dáa, mà."

Orúkọ ọkọ rẹ̀ tó ti kú ni Ẹlẹ́fẹ̀ ń jẹ́, orúkọ bàbá ni Jẹ́jẹ́ ń jẹ́. Ọ̀kan á kọ́kọ́ jáde nílé, èkejì á tẹ̀lé e. Kò sẹ́ni tó mọ̀ nínú kíláàsì pé ọmọ ìyá ni wọ́n.

Láàárín ìgbà náà ni ipò ńlá kan ṣí sílẹ̀. Wọ́n ń wá ẹni tí yóò jẹ́ olórí fún ẹ̀kọ́ àwọn nọ́ọ̀sì ní gbogbo ilé ìwòsàn àgbègbè náà. Ọ̀gá Dókítà ni yóò mú ẹni náà, ó sì ní òun máa wá jókòó sí ẹ̀yìn kíláàsì Ẹlẹ́fẹ̀ láti wo bó ṣe ń kọ́ wọn. Inú obìnrin yìí ò gba nǹkan mìíràn mọ́. Nínú balùwẹ̀, ó ń ṣe Nọ́ọ̀sì Burúkú fún dígí.

Láàárọ̀ ọjọ́ náà, ó ń lọ aṣọ rẹ̀. Jẹ́jẹ́ wá dúró lẹ́nu ọ̀nà yàrá.

"Àǹtí mi, mo fẹ́ bá yín sọ nǹkan kan."

"Ṣé ẹnì kan kú ni?"

"Rárá o."

"Ó lè dúró nígbà yẹn. Ṣé o mọ̀ pé Ọ̀gá Dókítà ń bọ̀ lónìí? Bá mi wá bàtà mi."

Jẹ́jẹ́ bá a wá bàtà. Ó nù ún, ó gbé e síwájú rẹ̀, ó jáde.

Ọ̀gá Dókítà dé lóòótọ́. Ó jókòó sí ẹ̀yìn, ó ká apá mọ́ àyà bí ẹni tí wọ́n ti tàn rí. Ẹlẹ́fẹ̀ ṣàlàyé díẹ̀, ó rí i pé ọkùnrin náà ń yán. Ó yáa béèrè pé, "Ta ló máa ṣe ẹni tó wá gboògùn?"

Àwọn tó máa ń dìde ti fẹ́ dìde. Ni Jẹ́jẹ́ bá nawọ́.

Gbogbo kíláàsì yíjú. Jẹ́jẹ́ ẹ̀wẹ̀? Ẹni tí kì í lanu àfi tí wọ́n bá bi í? Ẹnì kan pàtẹ́wọ́, ẹlòmíràn ní, "Ayé ti yí o!" Ọmọbìnrin náà jáde, ó jókòó sórí àga tó kọjú sí tábìlì olùkọ́. Páálí oògùn wà lórí tábìlì náà, oògùn gidi, èyí tí Ẹlẹ́fẹ̀ fi ń ṣàlàyé. Jẹ́jẹ́ wò ó kó tó sọ̀rọ̀.

"Ẹ káàárọ̀, mà."

"Káàárọ̀ ta ni? Ṣé mo bí ẹ ni?"

Ẹ̀rín bẹ̀rẹ̀.

"Mà, mo wá gba oògùn tí kì í jẹ́ kí oyún dúró."

"Mi ò gbọ́! Sọ ọ́ sókè, kí àwọn tó wà níta náà lè bá wa dá sí i."

"Rọ́bà ló bẹ́, mà."

"Ó bẹ́? Ṣé táyà ni? Ibo lẹ tiẹ̀ ń sáré lọ?"

Ọ̀gá Dókítà tú apá tó ká mọ́ àyà. Ó lu itan. Ẹlẹ́fẹ̀ fi igun ojú rí i, orí rẹ̀ wú.

"Ìgbà wo ló bẹ́?"

"Lánàá, mà."

"Àwọn ẹgbẹ́ rẹ ń kàwé lánàá, ìwọ ń bẹ́ rọ́bà! Ọkùnrin náà dà? Ṣé ó wà níta tó ń ti ọkọ̀?"

"Ẹni tí mo ń fẹ́ ni. Ó ní tí nǹkan bá ṣẹlẹ̀, kí n má wulẹ̀ wá òun." Ohùn Jẹ́jẹ́ ti ń lọ sílẹ̀. "Mà, ẹ jọ̀ọ́. Bí oyún yìí bá dúró, mo máa pàdánù àyè mi. Mi ò sì ní ẹni tí mo lè sọ fún. Ẹni tó tọ́ mi dàgbà, mi ò lè wo ojú rẹ̀ kí n sọ ọ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ràn mí lọ́wọ́."

Ẹlẹ́fẹ̀ wo ọwọ́ rẹ̀. Jẹ́jẹ́ ti fa apá súwẹ́tà bò ó. Kò sí ìka kankan níta.

Níbí yìí ni mo ti dá obìnrin náà dúró nígbà tó ń sọ ọ́ fún mi. Mo ní, "Ṣé ẹ mọ̀?"

Ó ní, "Mo mọ̀."

"Ṣé ẹ ò rò pé bóyá eré ló ń ṣe?"

"Rárá. Bí mo ṣe mọ orúkọ mi ni mo ṣe mọ̀ pé òótọ́ ni."

Ẹ̀yin òǹkàwé, ẹ wo bí nǹkan ṣe rọrùn tó. Bó bá ní, "Ó tó, ẹ jẹ́ ká wá ṣe Nọ́ọ̀sì Dáadáa," tó rọra ti páálí yẹn kọjá lórí tábìlì, tó bu omi fún ọmọ náà, Jẹ́jẹ́ ì bá gbé oògùn náà mì lójú gbogbo wọn, kò sì sẹ́ni tí yóò fura. Gbogbo kíláàsì ì bá rò pé eré ni. Ìdí tí ọmọ náà fi nawọ́ nìyẹn. Ó ti rò ó dáadáa. Níbẹ̀ nìkan ló ti lè tọrọ nǹkan lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ láìjẹ́ pé ó tọrọ rẹ̀.

Ṣùgbọ́n Ọ̀gá Dókítà ti yọ áńkáṣíìfù, ó ń fi nu omi ojú. Inú sì ń bí Ẹlẹ́fẹ̀. Òun tó fi ẹ̀yìn pọn ọmọ! Òun tó jẹ gaàrí gbẹ kí ọmọ lè lọ síléèwé! Kò lè bá a wí gẹ́gẹ́ bí ẹ̀gbọ́n níwájú èèyàn, ó yáa gbé ìbínú náà sẹ́nu Nọ́ọ̀sì Burúkú.

"Ẹni tó tọ́ ẹ dàgbà? Ó mà ṣe fún un o! Ó pọ̀n ẹ́ títí ẹ̀yìn rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ kán, ó já oúnjẹ lẹ́nu ara rẹ̀ bọ́ ẹ. Wo ohun tí o fi san án fún un! Ìyá tó bí ẹ gan-an, ó sáré kú ni, kó má baà rí ọjọ́ òní."

Ẹ̀rín náà dákẹ́ díẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ yẹn. Lẹ́yìn náà ẹnì kan pariwo, "Yéè, Màdáámù ò dára!" gbogbo wọn sì tún bú jáde.

"Dìde níwájú mi," Ẹlẹ́fẹ̀ parí rẹ̀. "Ilé ìwòsàn rèé, a kì í gba ìdọ̀tí níbí. Ẹni tó kàn dà?"

Jẹ́jẹ́ dìde. Ó ní, "Ẹ ṣé, mà." Ó lọ jókòó sáyè rẹ̀. Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún un, wọ́n ní ó mọ̀ ọ́n ṣe bí ẹni tí nǹkan ṣe gan-an.

Ọ̀gá Dókítà ti dìde. "Màdáámù, ẹ fẹ́ pa mí ni? Irú olùkọ́ tí à ń wá rèé. Ẹ jẹ́ ká lọ fi nǹkan sẹ́nu, ká sọ̀rọ̀." Bí Nọ́ọ̀sì Dáadáa ò ṣe wáyé lọ́jọ́ náà nìyẹn.

Ẹlẹ́fẹ̀ gbé páálí oògùn, ó ń kó o padà sí kọ́bọ́ọ̀dù. Ó pàdé Jẹ́jẹ́ lọ́nà. Ó wo ẹ̀yìn, ó wo iwájú.

"Ohun tí o ṣe lẹ́ẹ̀kan yẹn, ṣé eré ni àbí òótọ́?"

Ẹ wo irú ìbéèrè tí wọ́n ń bi ọmọ! Ó dúró sójú ọ̀nà, oògùn wà lábíyá rẹ̀, Ọ̀gá Dókítà ń pè é níwájú, ẹsẹ̀ rẹ̀ kan ti yíjú síbi oúnjẹ. Jẹ́jẹ́ wo páálí yẹn, ó wo ojú ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ó rí ìdáhùn tí wọ́n ń fẹ́.

"Eré ni, mà."

"Mo ti mọ̀. O mọ̀ ọ́n ṣe o."

Ó ti oògùn mọ́ kọ́bọ́ọ̀dù, ó fi kọ́kọ́rọ́ sápò, ó lọ bá Ọ̀gá Dókítà jẹun. Ó sọ fún mi pé oúnjẹ náà dùn. Inú bí mi débi tí mo fi ní kó tún un sọ, ó sì tún un sọ pé ó dùn.

Lọ́jọ́ kejì, Jẹ́jẹ́ pẹ́ dé kíláàsì. Ẹlẹ́fẹ̀ dá a dúró lójú gbogbo èèyàn.

"Níbo lo ti ń bọ̀?"

"Mo lọ wá nǹkan, mà. Mi ò rí i gbà."

"Lọ jókòó. Má jẹ́ kó tún ṣẹlẹ̀ mọ́."

Kò bi í pé kí ni nǹkan náà. Ọ̀sẹ̀ mélòó kan kọjá. Láàárọ̀ kan, ó gbọ́ tí Jẹ́jẹ́ ń bì nínú balùwẹ̀. Nọ́ọ̀sì ni o! Ó ń kọ́ àwọn nọ́ọ̀sì bí wọ́n ṣe ń mọ aboyún! Ó dúró lẹ́yìn ilẹ̀kùn, ó ní, "Oúnjẹ àná ni, àbí?" Jẹ́jẹ́ ní, "Òun ni, Àǹtí mi." Ẹlẹ́fẹ̀ ní kó mu omi gbígbóná.

Ọjọ́ tí wọ́n parí ẹ̀kọ́ náà dé. Wọ́n to àga sí gbọ̀ngàn ilé ìwòsàn, Ọ̀gá Dókítà jókòó síwájú, gbogbo èèyàn ti gbọ́ pé ọjọ́ náà ni wọ́n máa kéde Ẹlẹ́fẹ̀ ní olórí ẹ̀kọ́. Wọ́n pe ọ̀kan nínú àwọn tó ti gba ẹ̀kọ́ lọ́dọ̀ rẹ̀ tẹ́lẹ̀ kó wá sọ̀rọ̀. Nọ́ọ̀sì kan ni, ó ga gan-an, Gíga ni wọ́n ń pè é, kíláníìkì kékeré kan lódìkejì ìlú ló ti ń ṣiṣẹ́. Ó gba gbohùngbohùn, inú rẹ̀ dùn.

"Gbogbo ohun tí Màdáámù kọ́ wa ni mo ń lò," ó ní. "Ẹ jẹ́ n fi hàn yín. Ọmọbìnrin kan wá bá mi lọ́jọ́ kan, ó ní rọ́bà bẹ́. Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹnu ń yún mi! Mo fa gíláàsì wálẹ̀, mo ní, 'Ó bẹ́? Ṣé táyà ni?'"

Gbọ̀ngàn mì. Ẹlẹ́fẹ̀ náà rẹ́rìn-ín, ó ń fọwọ́ bo ẹnu bí ìyàwó tuntun.

"Àwọn tó ń dúró de dókítà rẹ́rìn-ín débi pé aláboyún kan ní kí n dákun má jẹ́ kóun bímọ síbẹ̀. Ọmọbìnrin tó wá gboògùn ní nọ́ọ̀sì lòun náà. Mo ní, 'Nọ́ọ̀sì tí kò lè tọ́jú ara rẹ̀!' Ọmọ náà kàn ń fa apá súwẹ́tà bo ọwọ́ ni. Báyìí." Gíga fa apá aṣọ tirẹ̀, ó ká ara kò, ó ṣe é gẹ́lẹ́ bó ṣe rí.

Ẹ̀rín kú sí Ẹlẹ́fẹ̀ lẹ́nu.

"Oògùn ńkọ́?" Ọ̀gá Dókítà béèrè. "Ṣé o fún un?"

"Mo fẹ́ fún un, sà. Mo ní kí n kọ́kọ́ ṣe eré náà tán ni, kí n tó wá ṣe apá tó dáa. Kí n tó gbójú sókè, ó ti lọ." Gíga yíjú wo gbọ̀ngàn, ó ṣì ń rẹ́rìn-ín. Ojú rẹ̀ dúró síbì kan. "Ó tì o. Ẹ wò ó! Òun ló jókòó sọ́hùn-ún yẹn!"

Ó fọwọ́ bo ẹnu, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ti jáde. Gbogbo orí yí padà lẹ́ẹ̀kan náà. Jẹ́jẹ́ jókòó láàárín wọn, ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì wà nínú súwẹ́tà.

"Nọ́ọ̀sì," Ọ̀gá Dókítà ní, "ṣé òótọ́ ni?"

Jẹ́jẹ́ dìde. "Òótọ́ ni, sà."

"Ṣé o rí oògùn gbà níbòmíràn?"

"Rárá, sà. Ibì kan wà tí mo ti kọ́kọ́ béèrè ṣáájú. Wọn ò fún mi níbẹ̀ náà."

"Níbo nìyẹn?"

Jẹ́jẹ́ wo Ẹlẹ́fẹ̀, kò wò ó pẹ́, ó gbé ojú kúrò. Obìnrin náà sọ fún mi pé òun ń bẹ Ọlọ́run kí ọmọ náà má dárúkọ òun. Ẹ jẹ́ kí n tún un sọ kó lè yé yín: àdúrà tó ń gbà nìyẹn.

"Kí ló wá dé lẹ́yìn náà?" Ọ̀gá Dókítà tún béèrè.

"Ó ti pẹ́ jù, sà. Oyún ti dúró."

Ẹnì kan ṣe háà. Àwọn tó pàtẹ́wọ́ fún Jẹ́jẹ́ lọ́jọ́sí wá rántí ohun tí wọ́n pàtẹ́wọ́ fún, wọ́n ń wo ilẹ̀. Ọ̀gá Dókítà náà rántí. Ó rọra yíjú sí Ẹlẹ́fẹ̀.

"Màdáámù, ọmọ yìí ń wò yín bí ẹni tó mọ̀ yín. Ṣé èèyàn yín ni?"

Ìwé ipò náà wà nínú fáìlì lórí itan ọkùnrin yẹn. Gbogbo gbọ̀ngàn ń dúró. Jẹ́jẹ́ náà ń dúró, ó ti gbójú sókè.

"Rárá o, sà," Ẹlẹ́fẹ̀ ní. "Ọ̀kan nínú àwọn tí mo ń kọ́ ni."

Jẹ́jẹ́ jókòó.

Wọ́n kéde ipò náà fún Ẹlẹ́fẹ̀ kí wọ́n tó túká. Àtẹ́wọ́ náà ò lágbára, ṣùgbọ́n wọ́n pa á. Ṣé ẹ rò pé ìyà kankan ò jẹ ẹnikẹ́ni? Ó jẹ Gíga. Wọ́n gba iṣẹ́ oògùn lọ́wọ́ rẹ̀ pé ẹnu rẹ̀ ti pọ̀ jù, wọ́n dá a padà sí ibi tí wọ́n ti ń ká bẹ́ẹ̀dì. Gíga sunkún wá bá Ẹlẹ́fẹ̀. Ó ní, "Màdáámù, ṣebí ẹ̀yin lẹ kọ́ mi?" Ẹlẹ́fẹ̀ ní, "Apá tó burú lo mú, ìwọ ni o ò dúró gba apá tó dáa." Gíga ní, "Mà, nínú kíláàsì tiwa, ẹ ò ṣe apá yẹn." Ẹlẹ́fẹ̀ ní kó jáde ní ọ́fíìsì òun.

Iṣẹ́ tó kọ́kọ́ bọ́ sí i lọ́wọ́ lórí àga tuntun náà, ẹ gbọ́ ọ wò. Ilé ẹ̀kọ́ iṣẹ́ abẹ ránṣẹ́ pé àwọn ti gbọ́ pé nọ́ọ̀sì kan lóyún, kí olórí ẹ̀kọ́ pè é, kó sọ fún un pé àyè rẹ̀ ti di ti ẹlòmíràn. Olórí ẹ̀kọ́ sì ni òun. Ó pè é.

Jẹ́jẹ́ wọlé, ó dúró síwájú tábìlì. Kò jókòó.

"Wọ́n ní kí n sọ fún ẹ pé..." Ẹlẹ́fẹ̀ ń to bébà orí tábìlì. Ó tún un bẹ̀rẹ̀, ó sọ ọ́ tán.

"Mo gbọ́, mà."

"Jẹ́jẹ́, jọ̀ọ́. Kò sẹ́nìkan níbí, èmi àti ẹ nìkan ni. Jẹ́ ká lọ sílé. A máa tọ́ ọmọ náà, ṣebí mo tọ́ ìwọ?"

"Ẹ tọ́ mi, mà. Ẹ sì ti sọ ọ́ fún gbogbo kíláàsì."

"Jẹ́ ká lọ sílé."

"Mo ti kó ẹrù mi láàárọ̀. Kọ́kọ́rọ́ wà lórí fíríìjì." Ó yíjú sí ilẹ̀kùn. "Ṣé ó tán, mà?"

Jẹ́jẹ́ jáde, ó rọra pa ilẹ̀kùn dé, bí wọ́n ṣe kọ́ ọ nílé.

Látìgbà náà, obìnrin yìí ò ṣe Nọ́ọ̀sì Burúkú mọ́. Ó ní bóun bá fẹ́ ṣe é, ẹnu òun á wúwo. Inú kíláàsì rẹ̀ ti dákẹ́, àwọn èèyàn ní ipò ti gun ún. Ó ń dá gbé ilé. Ó ti ránṣẹ́ sí àbúrò rẹ̀ títí ó ti rẹ̀ ẹ́, kò rí èsì. Ìdí tó fi wá bá mi nìyẹn, kì í ṣe nítorí tiyín o, ẹ má tan ara yín. Ó fẹ́ kí Jẹ́jẹ́ ka ìtàn yìí nínú ìwé ìròyìn, kí inú rẹ̀ yọ́, kó wá sílé.

Ẹ̀kọ́ tó wà níbẹ̀, ẹ fúnra yín ti rí i. Ẹ̀yin nọ́ọ̀sì, ẹni tó jókòó síwájú yín ò wá wòran. Fún un lóògùn ná, kí o tó ṣàwàdà. Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n tí ẹ tọ́ àbúrò, tí ẹ wá sọ ọ́ di orin tí ẹ ń kọ sí wọn létí, ẹ rọra. Mi ò ní nǹkan mìíràn láti sọ lórí ìyẹn.

Ṣùgbọ́n mi ò lè tẹ ọ̀rọ̀ ẹnì kan jáde kí n má fi han ẹni tó kàn. Mo wá Jẹ́jẹ́ lọ. Ìlú mìíràn ló ń gbé báyìí, kíláníìkì kékeré kan ló ti ń ṣiṣẹ́, ó ń gún abẹ́rẹ́ fún àwọn ọmọ ọwọ́. Ọmọbìnrin kékeré kan di yẹ̀rì rẹ̀ mú nígbà tó ṣílẹ̀kùn fún mi. Mo fún un ní ìtàn yìí, ó jókòó sórí àga, ó kà á látòkè délẹ̀, ojú rẹ̀ ò yí padà. Ó dá a padà fún mi.

"Ẹ tẹ̀ ẹ́ jáde," ó ní. "Bó ṣe ṣẹlẹ̀ nìyẹn."

Mo ní, "Ó ní kí n bá òun bẹ̀ yín. Ṣé kò sí nǹkan tí ẹ fẹ́ kí n bá yín sọ fún un?"

Ó gbé ọmọ náà lé ẹsẹ̀, ó ń tún irun rẹ̀ ṣe.

"Ẹ sọ fún un pé ọmọ mi ti ń sọ̀rọ̀ dáadáa. Ó bi mí níjẹta bóyá mo ní ẹ̀gbọ́n. Mo ní rárá o."